Tẹ́ḿpìlì Mẹ́rin Kí A Tó Dé Ilé Vedavalli

Orókún ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kó lọ sọ́jà. Orókún náà ni kò jẹ́ kó lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi, òun náà ni kì í jẹ́ kó gun òkè ilé wa lọ kó aṣọ nígbà tí òjò bá ṣú. Bí èèyàn bá ti dárúkọ iṣẹ́ nínú ilé, orókún á dáhùn ṣáájú ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, orókún yìí kan náà gun irínwó àtẹ̀gùn olókùúta lọ sórí òkè kan nínú oòrùn, kò mí hẹlẹ, kò sì ráhùn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí àgùntàn tí wọ́n ń fà lọ sọ́dọ̀ alápatà.

Kotai ni orúkọ ìyá ọkọ mi. Màmá ni mo ń pè é. Ó ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, Vedavalli, tó ń gbé ilé tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ní abúlé kan létí odò, ibi tó jìn sí wa ní ìlú Coimbatore tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀ nínú mọ́tò. Ọdún mọ́kànlá ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ló lè sọ ohun tó fà á fún yín. Ìyá wọn ṣàìsàn fún ọdún mẹ́jọ. Vedavalli ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń yí i padà lórí ibùsùn. Màmá náà kò kẹ̀rẹ̀ o, ó ń fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ láti Coimbatore: ẹ fún un lómi gbígbóná, ẹ má fún un lọ́gẹ̀dẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí ìyá kú, wọ́n ránṣẹ́ pe Màmá. Wọ́n dúró dè é títí, wọn kò rí i. Ó kù díẹ̀ kí oòrùn dàárín orí ni wọ́n gbé òkú lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi iná sun òkú. Lẹ́yìn wákàtí kan ni Màmá wọlé, ó ní ọkọ̀ ojú irin ló pẹ́. Vedavalli wò ó láti òkè délẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Àlejò ti dé o. Ẹ bá mi fún un ní kọfí." Màmá kò jókòó. Ó yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọdún mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni fóònù Màmá dún. Vedavalli ni. Kò béèrè àlàáfíà, kò sì sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi fẹ́ mú mi lọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìlú Pune. Ìparí oṣù yìí la ó ti ilé pa. Bí ẹ bá fẹ́ rí i kó tó di pé a tì í, ẹ wá." Ó pa fóònù rẹ̀.

Màmá gbé fóònù náà sílẹ̀, ó ní kí Ilango, ọkọ mi, lọ wo táyà mọ́tò.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, nítorí náà èmi ni mo ṣírò ìrìn àjò náà. A ó mú Nila ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, torí ìdánwò rẹ̀. A ó gbéra ní aago márùn-ún ìdájí, a ó dé ní aago méjìlá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn méjèèjì á sunkún díẹ̀, a ó jẹun, a ó sùn lọ́sàn-án. Ìṣirò mi pé pérépéré. Àwọn òrìṣà nìkan ni n kò kà mọ́ ọn.

A kò tíì jáde nínú ìlú tí Màmá fi lu èjìká Ilango. "Dúró, dúró, Pillaiyar nìyẹn."

Èyí kò burú. Pillaiyar, òrìṣà tó ní orí erin, ló ń la ọ̀nà fún arìnrìn-àjò, kò sì sí awakọ̀ ilẹ̀ wa tó máa kọjá iwájú rẹ̀ láìfọ́ àgbọn. Màmá fọ́ àgbọn kan, kò là dáadáa, ó ní àmì burúkú nìyẹn. Ó ra òmíràn. Èyí là sí méjì gééréé, ó wò ó, ó mi orí, ó ní dídára rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ń ba òun lẹ́rù. Ó ra ẹ̀kẹta.

"Màámi, kí wá ni ẹ fẹ́ kí àgbọn yìí ṣe?" Ilango bi í.

"Kó là bí àgbọn."

Ẹ̀kẹta là bí àgbọn. Ogójì ìṣẹ́jú ti lọ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ó tún lu èjìká ọmọ rẹ̀. Tẹ́ḿpìlì òrìṣà Ṣiva kan wà lọ́wọ́ òsì, ilé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga bí òkè, gbogbo ère ara rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní àwọ̀ mèremère. Mo ní, "Màmá, ṣé a ò ní pẹ́ báyìí?"

"Ta ló ń lé wa? Àbí Vedavalli máa sá lọ ni?"

A bọ́ bàtà, a wọlé. Níbẹ̀, bí o bá san owó àdúrà, àlùfáà á béèrè orúkọ ẹni tó fẹ́ kó dárúkọ níwájú òrìṣà àti ìràwọ̀ tí wọ́n bí onítọ̀hún sí. Àwọn èèyàn a máa dárúkọ ẹni mẹ́ta, mẹ́rin. Màmá bẹ̀rẹ̀ lórí Ilango, ó dé orí mi, ó dé orí Nila. Mo rò pé ó parí. Ó dárúkọ bàbá mi àti ìyá mi, àwọn tí kò tíì fi ìgbà kan sọ ọ̀rọ̀ wọn ní rere nínú ilé wa. Ó dárúkọ obìnrin tó ń gbé wàrà wá fún wa. Ó dárúkọ dókítà tó ń tọ́jú orókún rẹ̀, kò mọ ìràwọ̀ rẹ̀, ó ní kí àlùfáà fún un ní èyíkéyìí tó bá dára. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àlùfáà ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi fún èkejì.

"Ìyá, ṣé ó tún kù?"

"Ó ku ẹyọ kan." Màmá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Vedavalli. Ìràwọ̀ Rohini."

Àlùfáà pe orúkọ náà wùrẹ̀wùrẹ̀, ó fẹ́ gbé abọ́ iná kọjá. Màmá di etí abọ́ náà mú.

"Ẹ tún un pè. Bóyá àkọ́kọ́ yẹn ò délé."

Nígbà yẹn, n kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù. Nígbà tí a jáde, mo rí i pé bàtà mi ti lọ. Bàtà aláwọ̀ pupa, tuntun, n kò tíì wọ̀ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Bàtà Màmá wà níbi tó bọ́ ọ sí gan-an, ó gbó, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Dúpẹ́ o!" Màmá ní, inú rẹ̀ dùn gan-an. "Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá sọnù ní tẹ́ḿpìlì, ìṣòro rẹ̀ ló bá a lọ."

"Màmá, ẹni tó jí i ńkọ́?"

"Òun ló gbé ìṣòro rẹ wọ̀."

"Háà. Tí mo bá mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ ìṣòro mọ́ nìyí, ǹ bá ti kó gbogbo bàtà ilé wa wá. Tiyín ni wọn ò mú yìí, ṣé ẹ ò ní ìṣòro kankan ni?"

Ilango wúkọ́. Ìgbà tí ọkọ mi bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀, ó máa ń wúkọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni ikọ́ ti ń bá a jà.

Báyìí ni mo ṣe fi ẹsẹ̀ lásán dé tẹ́ḿpìlì kẹta, èyí tó wà lórí òkè. Mo ti sọ̀rọ̀ irínwó àtẹ̀gùn yẹn. Ohun tí n kò sọ ni pé láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, òkúta ilẹ̀ wa kì í ṣe òkúta mọ́, ààrò ni. Mo ń fò láti òjìji kan sí òmíràn. Lókè, wọ́n ní kí Ilango bọ́ ẹ̀wù, nítorí ọkùnrin kì í wọ ẹ̀wù síwájú òrìṣà ibẹ̀, ikùn tó ti ń fi ẹ̀wù bò láti ọdún márùn-ún sì jáde sójú ayé. Màmá wò ó, ó yíjú sí mi.

"Kí lò ń fún ọmọ mi jẹ?"

"Ohun tí ẹ ń sè ni, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n wọ ilé ìdáná."

Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, erin tẹ́ḿpìlì wà nísàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́jà rẹ̀, imú gígùn yẹn, súre fún èèyàn lórí fún owó táṣẹ́rẹ́. Màmá gba ìre lẹ́ẹ̀kan, ó lọ, ó padà, ó gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó tò sẹ́yìn fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta, erin pàápàá wo olùtọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń béèrè pé kí ló ṣe ìyá yìí.

Ó ti di ogún ìṣẹ́jú kọjá aago méjìlá nígbà tí a dé tẹ́ḿpìlì kẹrin. Ó ti tì. Ọ̀sán ni àwọn òrìṣà wa ń sùn, gbogbo èèyàn ló mọ̀, Màmá mọ̀ ju gbogbo wa lọ. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ó di aago mẹ́rin.

"Kò burú," Màmá ní. Ó tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ igi, ó jókòó, ó na orókún rẹ̀. "A ó dúró."

"Màámi, wákàtí méjì péré ló kù ká dé ilé," Ilango ní.

"Ṣé wàá kọjá òrìṣà tó ń sùn láìkí i nígbà tó bá jí?"

Ilango wò mí. Mo mọ ìwò yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èmi ni kí n ṣe nǹkan kan, kí òun má bàa jẹ́ ọmọ burúkú. Ẹsẹ̀ mi ti bó. Ebi ń pa mí. Mo rántí ohun kan ṣoṣo tí kò sí ìyá ọkọ tó lè fi àdúrà borí rẹ̀ nílẹ̀ wa.

Mo ní, "Màmá, mo ti rí nǹkan oṣù mi."

Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ tẹ́ḿpìlì. Mo ti ro bó ṣe máa lọ: Màmá á pòṣé díẹ̀, á ní kí a kúkú máa lọ sílé Vedavalli. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ tó là, bí ojú ọmọ tí wọ́n sọ fún pé olùkọ́ kò wá lónìí. Ó ti dìde kí n tó pa ẹnu mi dé, orókún kò sì sọ nǹkan kan.

"Ó tán nìyẹn! A ò lè lọ mọ́. Vedavalli ní yàrá àdúrà nínú ilé, a ò lè mú ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù wọ ibẹ̀. Kò bójú mu. Ilango, yí mọ́tò padà, à ń lọ sílé."

"Ilé wo?" mo bi í.

"Ilé wa. Coimbatore. Ìgbà míì la ó wá. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ara rẹ ló rí bẹ́ẹ̀."

Ilango, ọmọ dáadáa, ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Mo wo ọ̀nà tí a ti gbà wá, mo wo ẹsẹ̀ mi.

"Irọ́ ni mo pa," mo ní. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni nǹkan oṣù mi lọ."

Màmá gbé ọwọ́ lé àyà. "Irọ́! Níwájú tẹ́ḿpìlì!"

"Ó ń sùn, Màmá. Kò gbọ́."

"Tenmoli!" Bí ó bá ń bínú gan-an ló máa ń pe orúkọ mi tán. "Kí ló dé tí o fi parọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló dé tí inú yín fi dùn? Láti aago márùn-ún àárọ̀ lẹ ti ń fọ́ àgbọn, ẹ ń gun òkè, ẹ ń gba ìre lọ́wọ́ erin bí ẹni tó fẹ́ lọ sójú ogun. Ẹ kì í kí òrìṣà tó báyìí lọ́dún kan. Ẹ ò fẹ́ dé ibẹ̀ ni. Ẹ̀rù àbúrò yín ló ń bà yín."

Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Ilango kò tilẹ̀ wúkọ́. Mo dúró de èébú, torí ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n Màmá padà jókòó sórí aṣọ ìnura rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì di obìnrin arúgbó lójú mi, ohun tí n kò kíyè sí rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, torí ariwo rẹ̀.

"Ọkọ̀ ojú irin kò pẹ́," ó ní.

A kò mọ ohun tó ń sọ.

"Ọjọ́ tí ìyá mi kú. Ọkọ̀ kò pẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo dé abúlé. Mo ní kí n yà ní tẹ́ḿpìlì tó wà létí odò, kí n gbàdúrà díẹ̀ kí n tó lọ wò ó. Ẹni tí òkú wà nílé rẹ̀ kì í wọ tẹ́ḿpìlì, mo mọ̀. N kò sọ fún ẹnì kankan. Mo yí òrìṣà ká lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí n tún un yí. Mo ń yí i. Bí mo bá rò ó pé mo fẹ́ wọ ilé yẹn, kí n rí i nílẹ̀, kí Vedavalli wò mí, ẹsẹ̀ mi á tún máa yí i. Lẹ́yìn náà ni àlùfáà sáré wá ti ilẹ̀kùn, nítorí òkú ń kọjá lọ. Ìyá mi ni wọ́n ń gbé kọjá. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ fèrè. N kò jáde."

Ó fi etí sárì tó ró mọ́ra nu ojú. "Ọdún mẹ́jọ ni n kò fi wá tọ́jú rẹ̀. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wọlé?"

Ilango jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lórókún. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ." Màmá ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun."

A jẹ ìrẹsì kíkan tí Màmá sè láti ilé. Màmá lọ bọ́jú lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ó wọ inú mọ́tò lọ pààrọ̀ sárì, ó ní àwọ̀ ewé yẹn ti tàn jù, ó tún lọ wọ òmíràn. Aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀ nígbà tí a dé ẹnu ilé Vedavalli.

Àgádágodo ńlá kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan ń fi ẹfun funfun ya iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níwájú ilé tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó nà ró. "Ṣé ẹ̀yin ni àlejò Vedavalli? Láti àná ló ti ń sè. Láàárọ̀ yìí ló ní òun fẹ́ lọ gbàdúrà díẹ̀ ní tẹ́ḿpìlì odò kí ẹ tó dé. Ọ̀sán ni àlùfáà lé e jáde kó lè ti ilẹ̀kùn. Ó wá jókòó síbí, ó ń wo títì, bí mọ́tò bá ti dún ó ń fò dìde. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó tún sáré padà. Mo ní, Vedavalli, kí lò ń tọrọ tó pọ̀ tó yìí?"

Mo wo Ilango. Ikọ́ ti mú un. Màmá kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ti ń lọ sọ́nà odò, ó ń tiro díẹ̀. Ó dà bíi pé orókún rẹ̀ ti rántí ara rẹ̀.

Tẹ́ḿpìlì náà kéré, ó dúdú fún èéfín àtùpà, ọ̀nà tóóró kan ló yí yàrá òrìṣà ká. Obìnrin kan ń rìn yí i ká. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ funfun, ó fi òdòdó kún ọwọ́ kan, bó bá ti yípo lẹ́ẹ̀kan á ju ẹyọ kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá òrìṣà kó má bàa ṣi iye rẹ̀ kà. Kò rí wa. Màmá dúró lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà títí obìnrin náà fi yà sí ẹ̀yìn yàrá. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí òrìṣà ká tirẹ̀.

Apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà yí òrìṣà, òrìṣà gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni. Nítorí náà, bí ẹni méjì bá ń yí i, tí wọ́n sì jìnnà síra, wọ́n lè ṣe é títí ọmọ wọn á fi fẹ́yàwó, wọn kò ní fojú kan ara wọn. Ìgbà tí Vedavalli bá yọ lápá ibí, Màmá á wọlé lápá ọ̀hún. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé kí n pè wọ́n?" Ilango rọra ní.

"Fi wọ́n sílẹ̀, Bàbá Nila."

"Tí wọ́n bá wá ń yí i títí ilẹ̀ fi ṣú ńkọ́?"

"Orókún wà níbẹ̀," mo ní.

Òótọ́ sì ni. Ìrìn Màmá ti ń falẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fi ọdún mẹ́rin kéré sí i, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ní ìgbà kẹrin, Vedavalli yọ lẹ́yìn rẹ̀, tí kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí i. Ó dúró. Òdòdó ọwọ́ rẹ̀ já sílẹ̀ díẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọrùn rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń tiro. Lẹ́yìn náà ó rìn sún mọ́ ọn.

"Ẹ yà fún mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ń dí ọ̀nà."

Màmá dúró, kò yíjú padà. "Ṣé ọ̀nà bàbá rẹ ni?"

"Bàbá tiwa ni. Òun ló tún un ṣe. Ẹ ti gbàgbé."

"Mélòó lo ti yí?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ẹ ti mú mi ṣì í kà báyìí."

Ìgbà náà ni Màmá yíjú padà. Wọ́n wo ara wọn bí ẹni ń wo dígí tí kò mọ́.

"O ti gbẹ," Màmá ní.

"Ẹ̀yin ti sanra. Aago méjìlá la ń retí yín."

"A yà kí àwọn òrìṣà kan."

"Òrìṣà mélòó?"

Màmá fẹ́ purọ́, mo rí i ní ẹnu rẹ̀. Ó wò mí lójú fìrí. "Mẹ́rin," ó ní. "Veda, ọjọ́ tí ìyá kú, ọkọ̀ ojú irin kò..."

"Mo mọ̀."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

"Mo ní mo mọ̀. Nígbà tí a sin òkú dé ìkóríta, mo rí agbòòrùn yín lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì yìí. Aláwọ̀ búlúù, èyí tí irin rẹ̀ kan ti kán. Ta tún ni yóò gbé irú agbòòrùn bẹ́ẹ̀ kiri, bí kì í bá ṣe ahun?" Ó di òdòdó tó kù mú gírígírí. "Mo padà sílé, mo jókòó, mo ní bó bá dé, tó bá sọ ọ́, ó ti parí. Ẹ wọlé, ẹ ní ọkọ̀ ojú irin."

"O sì pè mí ní àlejò."

"Mo pè yín ní àlejò. Mo ti kábàámọ̀ rẹ̀ kí n tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ẹ ti dé títì."

"Ọdún mọ́kànlá, Veda! O mọ̀, o ò pè mí!"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ ò pè mí!"

Ariwo ti sọ. Àlùfáà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní gíláàsì lójú, yọjú láti inú yàrá òrìṣà. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn fẹ́ kọjá."

Àwọn méjèèjì yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. "Ṣé ìwọ ni à ń bá sọ̀rọ̀?" Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, ìka kan náà lókè. Àlùfáà padà sẹ́yìn, ó sì fi ara pamọ́ sẹ́yìn àtùpà. Vedavalli bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yí padà di ẹkún kó tó dé ìdajì, Màmá sì dì í mú, òdòdó fún mọ́ wọn láyà. N kò lè sọ ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn lẹ́yìn ìyẹn, torí mo ní kí Ilango jẹ́ ká jáde. Ikọ́ rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn, ó sì ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó ní èéfín ni.

A sùn sílé Vedavalli lọ́jọ́ méjì. Ilé náà ti kún fún páálí, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ òórùn igi àtijọ́ àti òjò. Oúnjẹ tí Vedavalli sè tó fún àsè ìgbéyàwó. Ó ń bù ú lé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ iwájú Màmá láìdáwọ́ dúró, Màmá ń sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ tán. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jọ lọ tan fìtílà sí ibi tí ibùsùn ìyá wọn wà tẹ́lẹ̀. Màmá jókòó síbẹ̀ lóun nìkan fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó lọ pè é.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, tí Ilango ń di ẹrù sínú mọ́tò, Màmá jáde wá láìgbé nǹkan kan.

"Ẹ̀yin méjèèjì ẹ máa lọ," ó ní. "Ta ló máa bá Vedavalli di àwo? Kò mọ̀ ọ́n dì. Láti kékeré ló ti ń fọ́ ọ."

"Èmi ni wọ́n ní mo ń fọ́ àwo!" ohùn kan ké láti inú ilé.

Ó dúró títí ìparí oṣù. Nígbà tí oṣù parí, ó ní kò yẹ kí òun jẹ́ kí àbúrò òun nìkan wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì bá a lọ sí Pune, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Àràárọ̀ ló ń pè mí kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ní àná, ó béèrè Nila, ó béèrè ikùn Ilango, lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Tenmoli, jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ. Vedavalli ń han-run. Bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. N kì í fojú kan oorun mọ́."

Mo gbọ́ ariwo kan, fóònù bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ìyàwó wa, irọ́ ni o!" Vedavalli ní. "Òun gan-an ló ń han-run!"